Màrìwò Tó Wà Lórítà Àpáta Wodò

[Fóònù ń dún. Ó dún títí, kí wọ́n tó gbé e. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́.]

BỌ̀DÉ: Hẹ́lò! Àǹtí Naomi! Okun o! Èmi nìkan ni mo rí i, Àǹtí! Láti Kàbbà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, kò sí ojú mìíràn tó rí i, àfi tèmi!

ÀǸTÍ NAOMI: Okun o. Ta ló ń pariwo báyìí láàárọ̀ Sátidé?

BỌ̀DÉ: Èmi ni! Olúbọ̀dé! Ọmọ àbúrò yín!

ÀǸTÍ NAOMI: Mo ti mọ̀. Mo kàn fẹ́ kí o dárúkọ ara rẹ bí ọmọlúàbí ni. Ṣé o jí dáadáa? Ìyá rẹ ńkọ́?

BỌ̀DÉ: Wọ́n wà. Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ—

ÀǸTÍ NAOMI: Orúnkún rẹ̀ ńkọ́?

BỌ̀DÉ: Orúnkún ti san! Wọ́n jó lánàá! Wọ́n jó títí ògiri fi ń mì!

ÀǸTÍ NAOMI: Ìyẹn ni pé ó dá dìde lórí àga. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

BỌ̀DÉ: Háà. Ẹ tún ti pín ọ̀rọ̀ mi.

ÀǸTÍ NAOMI: Gbogbo ẹbí ló ń pín in. Ohun tí Bọ̀dé bá sọ, a ó pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, a ó mú ẹyọ kan. Bàbá rẹ àgbà ló kọ́ wa kó tó lọ. Ó yá, kí lo rí?

BỌ̀DÉ: Mo wà lórí Àpáta Wodò báyìí. Mo ti ń retí ẹ̀yin àti ẹgbẹ́ obìnrin tí ẹ jọ ń rìn, tí ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́, láti aago mẹ́fà. Mo ti tẹ́ ẹní. Mo ti gbé kúlà omi gòkè, ọwọ́ kan ṣoṣo! Orí òkúta, ìrì òwúrọ̀, èmi àti kúlà—

ÀǸTÍ NAOMI: Bọ̀dé. Kí lo rí?

BỌ̀DÉ: Mò ń wo ìsàlẹ̀ ni, Àǹtí. Ṣé ẹ rántí òjò àná? Mo kàn rí i tí ilẹ̀ etídò ṣe báyìí, gbàràgàdà! Ó ya lulẹ̀! Ó tóbi bí pápá bọ́ọ̀lù! Odò la ẹnu, ó gbé e mì, ó sì gbin! Ariwo rẹ̀ dé Ẹ̀kìnrin-Àdé, I swear!

ÀǸTÍ NAOMI: Ó dé Ẹ̀kìnrin-Àdé.

BỌ̀DÉ: Àwọn adìẹ ibẹ̀ á ti sá wọlé!

ÀǸTÍ NAOMI: Àwa tí odò wà lápá òsì wa gan-an, a ò gbọ́ ju ẹyẹ lọ.

BỌ̀DÉ: Ẹ rí i— Odò wà níbo?

ÀǸTÍ NAOMI: Lápá òsì. Ó ń dán yanranyanran. Màmá Lois ti bọ́ bàtà, ó ní ìyanrìn yìí ń bá òun wọ́ ẹsẹ̀. Alhaja Àsíyátù ń kọrin lórí kẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà ní kí n máa tìtorí ẹ̀ rìn, ó ti gbọ́ orin, ó ti rọlẹ̀.

BỌ̀DÉ: Àǹtí. Ìyanrìn wo?

[Nẹ́tíwọ̀kì ń há.]

ÀǸTÍ NAOMI: Hẹ́lò? Ṣé o gbọ́ mi?

BỌ̀DÉ: Mo gbọ́ yín! Ìyanrìn wo? Kò sí ìyanrìn lọ́nà tèmi! Ọ̀nà tí mo gbá, òkè ló gbà! Mo ní tí ẹ bá dé orítà ìdí máńgòrò, kí ẹ yà sọ́wọ́ ọ̀tún, kí ẹ máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ́ bá mi lórí àpáta!

ÀǸTÍ NAOMI: O sọ bẹ́ẹ̀.

BỌ̀DÉ: Kí wá lẹ ń ṣe nísàlẹ̀?

ÀǸTÍ NAOMI: Báwo la ṣe fẹ́ yà sọ́tùn-ún? Màrìwò wà lójú ọ̀nà.

[Afẹ́fẹ́.]

ÀǸTÍ NAOMI: Ṣé o gbọ́ mi?

BỌ̀DÉ: Màrìwò.

ÀǸTÍ NAOMI: Màrìwò tútù, yọ̀rọ̀yọ̀rọ̀, wọ́n so ó láti igi dé igi. Obìnrin mọ́kànlá ni wá, Bọ̀dé. Ṣé kí obìnrin mọ́kànlá wá gba abẹ́ màrìwò kọjá? A bi Folúkẹ́ tó ń dín àkàrà lórítà. Ó ní eégún ló ti ọ̀nà. A ní ta ló sọ. Ó ní ìwọ ni.

BỌ̀DÉ: Folúkẹ́ ní àsọdùn.

ÀǸTÍ NAOMI: Folúkẹ́! Ó ní o dúró níwájú agbada òun lánàá, o ní, "Èmi nìkan ni mo rí i!" O ní eégún mẹ́tàdínlógún ló jáde látinú ihò àpáta, tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn so ó.

BỌ̀DÉ: Àǹtí, ẹ dúró. Ẹ dúró níbi tí ẹ wà. Gbogbo yín. Kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹsẹ̀!

ÀǸTÍ NAOMI: Nítorí kí ni?

BỌ̀DÉ: Ibi tó ya yẹn, iwájú yín ni! Ṣé ẹ ti kọjá igbó ọparun?

ÀǸTÍ NAOMI: A ń wò ó níwájú. Rejoice ti fẹ́ dé ibẹ̀, òun ló wà níwájú pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ aláwọ̀ ewé tí o tà fún un.

BỌ̀DÉ: Ẹ pè é padà! Ẹ̀yìn ọparun yẹn gan-an ni! Ẹ ò lè rí i láti ibẹ̀, koríko ṣì wà létí ibi tó ya, abẹ́ rẹ̀ ló ṣófo! Èmi ni mo ń wò ó láti òkè!

ÀǸTÍ NAOMI: Pápá bọ́ọ̀lù.

BỌ̀DÉ: Ẹ̀n?

ÀǸTÍ NAOMI: O ní ó tóbi bí pápá bọ́ọ̀lù. Mo pín in sí mẹ́wàá. Ó ku ilẹ̀ tí wọ́n fi ń gbin tàtàsé.

BỌ̀DÉ: Ẹ má pín in! Àǹtí, lónìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pín nǹkan kan!

ÀǸTÍ NAOMI: Eégún mẹ́tàdínlógún ńkọ́? Mo pín ìyẹn náà, ó ku ẹyọ kan àti ẹsẹ̀ bí mélòó kan. Ẹyọ kan sì tó láti ti ọ̀nà mọ́ obìnrin.

[Ẹ̀rín obìnrin púpọ̀ lẹ́yìn.]

BỌ̀DÉ: Ta ló ń rẹ́rìn-ín?

ÀǸTÍ NAOMI: Mo ti fi ohùn rẹ síta, gbogbo wa ló ń gbọ́. O máa ń dùn ún gbọ́ tí èèyàn bá ń rìn.

BỌ̀DÉ: Màmá Lois náà ń gbọ́?

MÀMÁ LOIS: [lẹ́yìn] Mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Bàbá Lois á fẹ́ gbọ́ nípa àwọn mẹ́tàdínlógún yẹn. Láti ogójì ọdún tó ti ń ṣe olórí eégún, kò tíì kà wọ́n kọjá mẹ́fà.

[Ẹ̀rín.]

BỌ̀DÉ: Yéè.

ÀǸTÍ NAOMI: Kí lo ní?

BỌ̀DÉ: Mi ò sọ nǹkan kan. Àǹtí, ihò náà, ẹ gbọ́ òótọ́: ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin géérégé.

ÀǸTÍ NAOMI: Mẹ́rin, ká pín in... Kò tó ìdajì ìgbésẹ̀. Rejoice á fò ó pẹ̀lú kẹ̀kẹ́.

BỌ̀DÉ: Àǹtí!

ÀǸTÍ NAOMI: Má pariwo mọ́ mi! Mo kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Ìyámoyè fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, kò sí èyí tó lé mi kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀nà òkè, o ní eégún. Ọ̀nà ìsàlẹ̀, o ní ihò. O fẹ́ ká padà lọ jókòó sílé, kí ẹsẹ̀ wa wú. A ò padà!

ÀWỌN OBÌNRIN: [lẹ́yìn] A ò padà!

BỌ̀DÉ: Mi ò ní kí ẹ padà sílé! Mo ní kí ẹ gba òkè!

ÀǸTÍ NAOMI: Ìwọ kan náà tó ní eégún wà níbẹ̀? Lánàá, ìwọ nìkan lo rí eégún. Lónìí, ìwọ nìkan lo rí ihò. Èwo ni kí n gbà, èwo ni kí n sọ nù?

[Nẹ́tíwọ̀kì ń ké gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́.]

BỌ̀DÉ: —ẹ gbọ́ mi? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀǸTÍ NAOMI: Ohùn rẹ ń já. Sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa tó bá jẹ́ òótọ́.

BỌ̀DÉ: Tí mo bá kúrò lórí òkúta yìí, nẹ́tíwọ̀kì ti lọ nìyẹn! Kí n tó sáré dé ìsàlẹ̀, Rejoice ti wà nínú omi! Ibi tí mo wà yìí nìkan ni mo ti lè bá yín sọ̀rọ̀!

ÀǸTÍ NAOMI: Bọ̀dé, ó tó. Oòrùn ń ràn. Rejoice! Máa gùn ún lọ, a ń bọ̀ lẹ́yìn!

BỌ̀DÉ: Kò sí eégún!

ÀǸTÍ NAOMI: Kí lo wí?

BỌ̀DÉ: Mo ní kò sí eégún kankan! Mo parọ́! Kì í ṣe mẹ́tàdínlógún, kì í ṣe ẹyọ kan! Èmi ni mo so màrìwò!

[Ẹyẹ kan ń ké.]

MÀMÁ LOIS: [lẹ́yìn] Ó ní kí ni?

BỌ̀DÉ: Èmi ni! Mo fi ọjọ́ mẹ́ta gbá ọ̀nà yẹn nítorí yín! Àwọn ọlọ́kadà tó ń kó pákó wá ń fi táyà hú u! Mo bẹ̀ wọ́n, wọn ò gbọ́! Mo bú wọn, wọ́n fẹ́ nà mí! Mo wá so màrìwò, mo ní eégún ló so ó, wọ́n sì sá! Gbogbo wọn sá, ọ̀kan tiẹ̀ fi pákó sílẹ̀! Mi ò rántí rárá pé obìnrin lẹ̀yin náà!

ÀǸTÍ NAOMI: O ò rántí pé obìnrin ni mí.

BỌ̀DÉ: Mo fẹ́ tú u kí ẹ tó dé! Ẹ ní aago mẹ́jọ! Ẹ wá dé ní méje!

ÀǸTÍ NAOMI: Hm. Bọ̀dé, o lè máa parọ́ lórí irọ́. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀?

BỌ̀DÉ: Okùn tí mo fi so ó.

ÀǸTÍ NAOMI: Okùn wo?

BỌ̀DÉ: Búlúù. Ó ní kókó méjì láàárín, níbi tí ẹ ti fi ọwọ́ yín so ó nígbà tó já lọ́dún Kérésì. Okùn ìsáṣọ yín ni, Àǹtí. Mo tú u lẹ́yìn ilé yín ní Wẹ́sìdeè.

ÀǸTÍ NAOMI: Okùn ìsáṣọ mi!

BỌ̀DÉ: Ìwọ̀nba tó wà nítòsí ni mo—

ÀǸTÍ NAOMI: Okùn ìsáṣọ mi tí mo fi ń fura sí ọmọ aládùúgbò! Tí mo ti bá ìyá rẹ̀ jà! Ìró mi wà lórí òdòdó láti Wẹ́sìdeè!

BỌ̀DÉ: Ẹ nà mí tí ẹ bá dé! Àmọ́ Rejoice—

ÀǸTÍ NAOMI: Jésù. Òótọ́ ló ń sọ. Ọmọ yìí kì í parọ́ tó máa tì í lójú. Rejoice! Rejoice, dúró! Rejoice!

REJOICE: [lókèèrè] Mà?

ÀǸTÍ NAOMI: Dúró! Tẹ bùréèkì!

REJOICE: [lókèèrè] Mo ti tẹ̀ ẹ́! Kò mú! Ibẹ̀ da gẹ̀rẹ́ jù!

BỌ̀DÉ: Bùréèkì iwájú ò ṣiṣẹ́! Tẹ̀yìn nìkan! Mo ní tuntun ni, kì í ṣe tuntun! Ẹ ní kó bẹ́! Kó bẹ́ sílẹ̀!

ÀǸTÍ NAOMI: Bẹ́ sílẹ̀! Rejoice, bẹ́ sínú koríko! Bẹ́!

[Igbe. Irin ń dún. Nǹkan ńlá já lu omi. Igbe púpọ̀. Nẹ́tíwọ̀kì ké.]

BỌ̀DÉ: Àǹtí! Ṣé ẹ gbọ́ mi? Àǹtí! Ṣé ẹ gbọ́ mi?

[Ìró nẹ́tíwọ̀kì tó ń há.]

BỌ̀DÉ: Ẹ jọ̀ọ́. Ẹnikẹ́ni. Màmá Lois. Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọparun bò yín, mi ò rí yín. Rejoice ńkọ́?

[Afẹ́fẹ́.]

BỌ̀DÉ: Ṣé ẹ gbọ́—

ÀǸTÍ NAOMI: Mo gbọ́ ọ. Má sunkún.

BỌ̀DÉ: Mi ò sunkún! Ìrì ni! Rejoice ńkọ́?

ÀǸTÍ NAOMI: Ó wà nínú koríko. Ó bó lórúnkún. Ó ń bú ọ.

BỌ̀DÉ: Kí ló ń sọ?

ÀǸTÍ NAOMI: Olùkọ́ ni mí, mi ò lè tún un sọ.

BỌ̀DÉ: Kó máa bú mi lọ. Kó má dákẹ́. Kẹ̀kẹ́ ńkọ́?

ÀǸTÍ NAOMI: Ó ti lọ. Mi ò rí ju ọwọ́ rẹ̀ kan lọ, òun náà ti rì. [ó ń mí] Bọ̀dé, mo dúró síbi tí ilẹ̀ pin. Mo di ọparun mú. Koríko ṣì ń hù létí rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

BỌ̀DÉ: Ẹ sún sẹ́yìn! Ẹ sún sẹ́yìn, Àǹtí!

ÀǸTÍ NAOMI: Mo ti sún. O ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin?

BỌ̀DÉ: Mẹ́rin.

ÀǸTÍ NAOMI: Ó tó mẹ́fà.

BỌ̀DÉ: Ẹ̀n?

ÀǸTÍ NAOMI: Mẹ́fà, ó lé. O dín in kù.

BỌ̀DÉ: Èmi? Èmi Bọ̀dé dín nǹkan kù?

ÀǸTÍ NAOMI: Alhaja Àsíyátù náà rí i.

BỌ̀DÉ: Àǹtí, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀ yín. Ọmọ ọkùnrin ni mí, mo ní orúkọ.

[Ẹ̀rín díẹ̀, tó ń gbọ̀n.]

ÀǸTÍ NAOMI: Ó yá, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ yí kẹ̀kẹ́ padà. A ń lọ sí orítà.

MÀMÁ LOIS: [lẹ́yìn] Ká lọ sílé ni.

ÀǸTÍ NAOMI: Sílé kẹ̀? Mo jí láago mẹ́rin, mo se mọ́ínmọ́ín ogún ewé, kí n wá jẹ ẹ́ nílé? Orí àpáta la ti máa jẹ ẹ́.

MÀMÁ LOIS: [ó sún mọ́ fóònù] Naomi, màrìwò ni màrìwò. Ẹni yòówù tó so ó, ó ti di síso. Obìnrin ò gbọdọ̀ gba abẹ́ rẹ̀. Ọkọ mi á gbọ́.

BỌ̀DÉ: Màmá Lois, èmi ni mo—

MÀMÁ LOIS: Ìwọ dákẹ́! O fi orúkọ eégún dẹ́rù ba ọlọ́kadà. Wọ́n á bu ìtanràn fún ọ.

BỌ̀DÉ: Kí wọ́n bù fún mi! Kí wọ́n bu màlúù mẹ́wàá!

MÀMÁ LOIS: Òbúkọ kan ni.

BỌ̀DÉ: Màá san án! Màá fà á wá láàárín ìlú, ní ọ̀sán gangan! Mi ò bẹ̀bẹ̀, mi ò sá! Màmá, tí mi ò bá so màrìwò, ọlọ́kadà á ti ba ọ̀nà jẹ́. Tí mi ò bá sì jẹ́wọ́, Rejoice á ti wà nínú omi. Ẹ bù fún mi nítorí ti àkọ́kọ́, kí ẹ kí mi nítorí ìkejì!

ALHAJA ÀSÍYÁTÙ: [lẹ́yìn] Wàláhì, ọmọ yìí láyà!

[Ẹsẹ̀ lórí ìyanrìn. Kẹ̀kẹ́ ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ń há, ó ń tú.]

BỌ̀DÉ: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Ẹ ti dé ibo?

ÀǸTÍ NAOMI: A ti dé ìdí máńgòrò. Folúkẹ́ dìde dúró, ó gbàgbé àkàrà nínú òróró.

BỌ̀DÉ: Ẹ kí i fún mi!

ÀǸTÍ NAOMI: Ó ní ẹni ibi ni ọ́. [ẹsẹ̀ dúró] Ó dáa. Màrìwò nìyí.

MÀMÁ LOIS: [lẹ́yìn] Naomi. Ro ó.

ÀǸTÍ NAOMI: Mo ti rò ó. Màmá Lois, mo bọ̀wọ̀ fún ọkọ yín, mo bọ̀wọ̀ fún eégún ilé yín. Bí wọ́n bá jáde lọ́jọ́ wọn, màá wọlé, màá ti ìlẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n ẹ wo kókó yìí. Ẹ wò ó dáadáa. Ta ló so kókó yìí?

MÀMÁ LOIS: Mi ò mọ̀.

ÀǸTÍ NAOMI: Èmi ni. Ọwọ́ mi nìyí. Ìró mi méjì àti aṣọ bẹ́ẹ̀dì ti gbẹ lórí okùn yìí ju ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ìgbà lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́yìn ilé mi. Ta ló máa dá mi dúró lábẹ́ okùn ìsáṣọ ara mi?

[Ewé ń dún.]

BỌ̀DÉ: Àǹtí? Kí lẹ ń ṣe? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

ÀǸTÍ NAOMI: Mo ti wà lódì kejì.

BỌ̀DÉ: Ẹ kọjá?

ÀǸTÍ NAOMI: Mo tẹ orí mi ba nítorí gèlè, kì í ṣe nítorí ìbẹ̀rù. Alhaja ń bọ̀. Ó ti kọjá. Rejoice ń tiro bọ̀. Ẹ máa bọ̀! Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ gba ẹ̀gbẹ́!

[Ewé ń dún. Ohùn àwọn obìnrin. Orin kan bẹ̀rẹ̀.]

BỌ̀DÉ: Màmá Lois ńkọ́?

ÀǸTÍ NAOMI: Ó dúró. Ó ń wo okùn. [ohùn jẹ́jẹ́] Ó ń fi ọwọ́ kan kókó.

MÀMÁ LOIS: [lókèèrè] Naomi, kókó rẹ yìí ò dáa. Bí èèyàn ṣe ń so okùn ìsáṣọ kọ́ nìyí.

ÀǸTÍ NAOMI: Ẹ wá fi hàn mí ní òdì kejì.

[Ewé ń dún. Ariwo ayọ̀ ńlá.]

BỌ̀DÉ: Ó kọjá! Mo gbọ́ ọ! Ó kọjá!

MÀMÁ LOIS: [ó sún mọ́ fóònù] Òbúkọ kan, Bọ̀dé. Kó sanra.

BỌ̀DÉ: Á sanra bí erin, Màmá!

ÀǸTÍ NAOMI: Màá pín ìyẹn. Bọ̀dé, gbọ́ mi. Tí a bá dé òkè, wàá kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ Rejoice. Lẹ́yìn náà, wàá sọ̀ kalẹ̀ lọ fi igi gidi dí ọ̀nà ìsàlẹ̀ níbi orítà, igi ńlá, kí ẹlòmíràn má gbà á. Kò gbọdọ̀ sí màrìwò níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí ìtàn. Igi.

BỌ̀DÉ: Igi, Àǹtí.

ÀǸTÍ NAOMI: Lẹ́yìn náà, okùn mi.

BỌ̀DÉ: Màá so ó padà fúnra mi.

ÀǸTÍ NAOMI: Àwọn ọlọ́kadà ńkọ́? Wọ́n ń wò wá láti ìsọ̀ Folúkẹ́, ẹnu wọn la sílẹ̀. Kí lo máa sọ fún wọn?

BỌ̀DÉ: Òótọ́ ni màá sọ!

ÀǸTÍ NAOMI: O ṣeun.

BỌ̀DÉ: Màá sọ pé mo wà lórí Àpáta Wodò, mo sì rí i! Obìnrin mọ́kànlá ń bọ̀ lójú ọ̀nà, ilẹ̀ ń mì! Eégún mẹ́tàdínlógún dúró dè wọ́n lábẹ́ màrìwò—

ÀǸTÍ NAOMI: Bọ̀dé!

BỌ̀DÉ: —Màmá Lois kàn wò wọ́n lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ká agọ̀ wọn, wọ́n sáré! Wọ́n sáré dé Ẹ̀gbẹ̀!

[Nẹ́tíwọ̀kì ń ké.]

ÀǸTÍ NAOMI: —ta ló rí i? Ṣé o gbọ́ mi? Ta ló—

BỌ̀DÉ: Èmi nìkan, Àǹtí! Èmi nìkan ni mo rí i! Ẹ má pín in o! Ẹ fi ẹyọ yìí sílẹ̀ lódindi! Ẹ gbà mí gbọ́! Mo ní, ẹ gbà mí—

[Fóònù já.]